Òkúta Tó Pa Alhaja, Tó Wà Lára Èmi Náà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ bá mi jókòó díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun látìgbà tí a ti sin Alhaja Mọríátù. Mi ò lè gbé e mì mọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síta.

Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé mo ní aromọléegun. Kì í ṣe ti àgbàlagbà o! Irú èyí tí àwọn dókítà ń pè ní rheumatoid ni, tí ara èèyàn á máa bá ara rẹ̀ jà. Tí mo bá jí láàárọ̀, gbogbo ìka mi á ti le gbagidi. Ọ̀gá mi kan níbi iṣẹ́ tiẹ̀ rò pé ọ̀lẹ ni mí. Ẹ ò rí nǹkan!

Orí bẹ́ǹṣì kílíńìkì ni mo ti pàdé Alhaja. Ọmọ Ìlọrin ni wọ́n, kọ́tìnì ni wọ́n ń tà lọ́jà, Kabusa ní Abuja níbí ni wọ́n ń gbé. Lọ́jọ́ náà, mo ń bá ìdérí ike omi jà, kò ṣí. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, làwọn náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà. Àṣé àìsàn kan náà ló gbé wa débẹ̀! Ẹ̀rín pa wá débi pé nọ́ọ̀sì ní ká rọra. Eyín la fi ṣí omi náà níkẹyìn.

Bí a ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn. Wọ́n jù mí lọ dáadáa, wọ́n sì sọ mí di àbúrò. Ọkọ wọn ti kú. Ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, Sàdíà, ló wà lọ́dọ̀ wọn. Abuja níbí ni wọ́n bí i sí. Ó ń gbọ́ Yorùbá dáadáa, àmọ́ ó máa ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó sọ ọ́.

Nígbà tó yá, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run Alhaja. Tí wọ́n bá ti jẹ àkàrà tàbí dòdò báyìí, ó di pé nǹkan ń gún wọn lábẹ́ ìhà ọ̀tún, á gba ẹ̀yìn, á dé èjìká. Kí lẹ rò pé gbogbo wa pè é? Ọ́sà! Àwa tí à ń gbé oògùn ara ríro mì lójoojúmọ́, ṣé kò ní dá ọgbẹ́ síni nínú ni? Wọ́n lọ sí kẹ́místì, wọ́n gba oògùn ọ́sà. Ti èjìká ńkọ́? A ní aromọléegun ló ń rìn kiri. Ohunkóhun tó bá ti dùn wá, òun náà la máa ń dì í rù.

Ní Sátidé kan, mo wa mọ́tò láti Gwarinpa tí mò ń gbé lọ kí wọn. Mo wọlé, mo lanu, mi ò lè pa á dé. Funfun ojú wọn ti di yẹ́lò bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n.

Mo ní, “Kai! Alhaja, ojú yín!”

Wọ́n ní, “Ibà ni, Màmá Tofúnmi. Mo ti lo oògùn rẹ̀.”

Mo fọwọ́ kàn wọ́n. Ara wọn ò gbóná tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ wọ́n ń gbọ̀n. Èmi àti Sàdíà gbé wọn sínú mọ́tò, ó di ọsibítù.

Wọ́n ṣe scan. Òkúta ló kún inú àpò òróòro wọn! Ọ̀kan ti já bọ́, ó ti dí ọ̀nà tí òróòro ń gbà, ìdọ̀tí àìsàn sì ti wọnú ẹ̀jẹ̀. Dókítà ní òun máa ń rí òkúta yìí lára àwa tó ní irú aromọléegun yìí, àti pé oògùn tó ń pẹ̀tù sí ara wa lè bo ibà mọ́lẹ̀ títí ọ̀rọ̀ á fi bọ́ lọ́wọ́. Ó ní iṣẹ́ abẹ ló kù.

Bí wọ́n ṣe ń múra ẹ̀ lọ́wọ́, Alhaja dì mí lọ́wọ́ mú. Wọ́n ní, “Ìwọ náà, ṣé inú ò kí ń run ẹ́ tí o bá jẹun tán?”

Mo ní ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bójú tó tiyín.

Wọ́n gbaná jẹ! “Lọ ṣe scan. Báyìí! Má dúró dè mí.”

Mo lọ nítorí kí inú wọn lè rọ̀. Ìsàlẹ̀ ọsibítù kan náà ni. Ẹ̀yin èèyàn mi, òkúta wà níkùn èmi náà! Mo sáré gòkè láti lọ sọ fún wọn pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo bá bẹ́ẹ̀dì lófìfo. Wọ́n ti gbé wọn lọ sí tíátà.

Mi ò rí wọn bá sọ̀rọ̀ mọ́. Kí oòrùn ọjọ́ kejì tó wọ̀, àwọn ará mọ́ṣáláṣí ti gbé wọn lọ sí itẹ́ òkú. Èmi ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì jókòó sórí ẹní pẹ̀lú Sàdíà.

Nígbà tó kan èmi náà, tí wọ́n yọ àpò òróòro mi, Sàdíà ni mo lajú rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ta ló ránṣẹ́ pè é? Mi ò mọ̀. Ó wò mí títí, ó ń wá ọ̀rọ̀.

Ó ní, “Aunty, ẹ jí.” Ó fa aṣọ ìbora bò mí. “Mọ́mì ò jí.”

Mo fẹ́ dìde gbá a mọ́ra, ojú ọgbẹ́ ò gbà. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni mo rí dì mú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní aromọléegun, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe gbogbo ìrora ló jẹ́ tirẹ̀. Tí inú bá ń run yín lábẹ́ ìhà ọ̀tún lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ sọ fún dókítà yín, ẹ ní kí wọ́n yẹ àpò òróòro wò. Ẹ má jókòó ti oògùn kẹ́místì.

Ṣé ó ti ṣe ẹnì kankan nínú yín rí? Báwo lẹ ṣe mọ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Ẹ rọra fi Yorùbá tó rọrùn kọ ọ́ o, torí Sàdíà ní òun fẹ́ kà á fúnra òun.