Jàǹbá Ọkọ̀ Nínú Pálọ̀

Ẹni tó bá rò pé ènìyàn kò lè ní jàǹbá ọkọ̀ nínú pálọ̀ ara rẹ̀, kó lọ bi Gbádégẹṣin ní Agbowó. Ọkùnrin yìí wa ọkọ̀ akẹ́rù láti Ìgbòho wá sí ọjà Bódìjà títí irun orí rẹ̀ fi funfun. Ó kó iṣu, ó kó èlùbọ́, kò kọlu ewúrẹ́ rí, ká má tíì sọ ènìyàn. Kòkọlù ni wọ́n ń pè é ní gáréèjì Ojoo. Bí awakọ̀ tuntun kan bá ń sá eré àsápajúdé, àwọn àgbà gáréèjì a ní kó lọ jókòó ti Kòkọlù kó kọ́gbọ́n. Orúkọ yìí dùn mọ́ Gbádégẹṣin nínú ju èyí tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ lọ.

Nígbà tó yá ni ẹ̀jẹ̀ ríru fọwọ́ kàn án. Ọlọ́run ṣàánú, kò burú jù. Ẹnu yí díẹ̀, ó padà sípò. Apá ọ̀tún wúwo, ó tún fúyẹ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló kù tó ń ṣe bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò wù ú í jẹ́. Dókítà ní kó má wakọ̀ mọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ ṣèpàdé láìpè é sí i, wọ́n ta ọkọ̀ akẹ́rù náà. Ó bínú, ó ní ẹsẹ̀ òun kò ṣe nǹkan kan, ó ní ojú kòkòrò ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ó sì rọra fi jáàkì àti táyà ìpààrọ̀ ọkọ̀ náà pamọ́ sábẹ́ ibùsùn, de ọjọ́ tí Olúwa yóò yí ìgbèkùn rẹ̀ padà.

Ohun tó wá dá a padà sójú ọ̀nà ni kọ̀ǹpútà. Olúwaníyì, àbígbẹ̀yìn rẹ̀, ló rà á nígbà tó wà ní yunifásítì, tó fi ń gbá géèmù mọ́jú. Olúwaníyì ti lọ sí Kánádà, kọ̀ǹpútà kò lè wọ báàgì, bẹ́ẹ̀ ló ṣe fi í sílẹ̀, tòun ti sitiárìn oníke àti àwọn pẹ́dà tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Lọ́jọ́ kan ni Gbádégẹṣin jókòó síbẹ̀ kó kàn fi sinmi. Ó tan ẹ̀rọ náà, ó bá eré ọkọ̀ akẹ́rù pàdé níbẹ̀, tírélà gidi, lójú ọ̀nà ìlú òyìnbó tí kò ní kòtò kan ṣoṣo. Láti ọjọ́ náà ni Moróunkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ti pàdánù ọkọ. Bí oúnjẹ bá jinná, obìnrin náà ní láti dúró títí ọkọ rẹ̀ yóò fi rí ibi páàkì sí, nítorí pé awakọ̀ kì í jẹun lójú ọ̀nà.

Ibi tí òun àti kọ̀ǹpútà ti ń gbádùn ara wọn báyìí ni Ọládàpọ̀ ti dé. Ọ̀gá kan náà ló kọ́ òun àti Gbádégẹṣin níṣẹ́, ọdún kan náà ni wọ́n bí wọn, ṣùgbọ́n Ọládàpọ̀ ṣì ń fi bọ́ọ̀sì kó èrò láti Ojoo lọ sí Ọ̀yọ́ lójoojúmọ́, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́ nípa rẹ̀. Gbádégẹṣin ní kó wá wo bí àgbà ṣe ń wakọ̀. Ó tẹ iná, tírélà mú ọ̀nà pọ̀n. Àbùkù kan ló wà lára kọ̀ǹpútà náà: ó ti gbó. Bí ọ̀nà bá ti kún díẹ̀, àwòrán a dúró gbagidi bí ìbaaka tó kọ̀ láti rìn, tó bá yá a tún fò síwájú. Bí wọ́n ṣe kù díẹ̀ kí wọ́n dé too-géètì tí wọ́n ti ń gbowó ọ̀nà, àwòrán dúró. Nígbà tó fi máa padà lajú, tírélà ti wà nínú ilé too-géètì, orí ni ó fi wọlé.

Ọládàpọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní, "Kòkọlù ti kọlù. Ó tiẹ̀ tún ya ilé onílé wọ̀."

Ká ní ó fi mọ níbẹ̀ ni, ì bá sàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó bá ti dé etí Ọládàpọ̀ ti dé Ojoo nìyẹn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, àwọn kan ti ń pe Gbádégẹṣin lórí fóònù pé ẹ kú ewu. Ọ̀kan bi í bóyá ẹ̀mí ṣòfò. Moróunkẹ́ lọ ra ata, ìyá aláta fún un ní èènì, ó ní kó fi tu bàbá nínú, pé ọkọ̀ ṣeé tún rà, ẹ̀mí kò ṣeé rà. Gbogbo orúkọ rere tí ọkùnrin kan fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kó jọ, inú pálọ̀ ló ti fẹ́ sọ ọ́ nù. Gbádégẹṣin kò lè sùn. Ó pinnu pé òun yóò tún ọkọ̀ náà ṣe, òun yóò pe Ọládàpọ̀ padà, òun yóò sì wà á lójú rẹ̀ láìfarakan ohunkóhun.

Ó pe Olúwaníyì ní Kánádà.

"Bàbá, káàdì tó ń gbé àwòrán jáde nínú ẹ̀ ló ti darúgbó," ọmọ náà wí. "Òun lẹ máa pààrọ̀. Ẹ jẹ́ kó di oṣù tó ń bọ̀, mo máa wá nǹkan ṣe sí i."

"Orúkọ mi á ti jẹrà kó tó di oṣù tó ń bọ̀," ni Gbádégẹṣin fi dá a lóhùn.

Ó fa jáàkì àti táyà jáde lábẹ́ ibùsùn, ó tà wọ́n fún fọganáísà tó wà ní ìkòríta. Ó wo táyà náà títí bí wọ́n ṣe ń yí i lọ. Lẹ́yìn náà ló fi ìró Moróunkẹ́ di kọ̀ǹpútà, ó gbé e lé itan bí ọmọ tuntun, ó wọ takisí Míkírà, ó di Dùgbẹ̀.

Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Mujeeb ló ni ṣọ́ọ̀bù tó wọ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Kí lẹ fẹ́ rà?"

"Ẹ́ńjìnnì ni. Èyí tó ń gbé àwòrán."

Mujeeb gbé káàdì ńlá kan jáde, fáànù méjì lójú rẹ̀, iná aláràbarà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní kò sí géèmù tí kò lè gbé láyé yìí.

"Báwo ló ṣe ń mu epo sí?" Gbádégẹṣin béèrè.

Mujeeb rẹ́rìn-ín, ó wá rí i pé bàbá kò bá òun ṣeré. "Iná tó ń fà pọ̀ díẹ̀, sà. A máa pààrọ̀ àpótí tó ń pín iná nínú kọ̀ǹpútà yín pẹ̀lú."

"Ọmọ mi, wọn kì í gbé ẹ́ńjìnnì tírélà sínú Míkírà. Mú èyí tí ọkọ̀ mi lè gbé wá."

Mujeeb mú kékeré kan wá, èyí tí kò nílò wáyà iná tirẹ̀. Gbádégẹṣin bi í bóyá tòkunbọ̀ tààrà ni tàbí èyí tí wọ́n ti lò ní Nàìjíríà. Ó bi í irú ẹni tó ń wà á tẹ́lẹ̀, bóyá ẹni náà máa ń sáré. Ó gbé káàdì náà sí imú, ó fín in, ó sì mi orí bí ẹni tó ti mọ àṣírí rẹ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé kò gbọ́ òórùn kankan, ṣùgbọ́n awakọ̀ wo ni yóò ra ẹ́ńjìnnì láìgbóòórùn rẹ̀? Ó ní kí wọ́n fi í sínú kọ̀ǹpútà kí wọ́n sì tan án, pé òun kò ní sanwó àfi tó bá gbóná dáadáa. Ó fa àga, ó jókòó tì í. Àwọn oníbàárà mìíràn wọlé, wọ́n jáde, ẹ́ńjìnnì ṣì ń gbóná. Mujeeb bẹ̀ ẹ́ títí pé kó sanwó, ó sú u, ló bá mú ọsàn wá fún un pé kó máa mu.

Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ lo káàdì náà ti pààrọ̀ fáànù rẹ̀ sí èyí tó tóbi, nítorí náà ìdérí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà kò ṣeé pa dé mọ́. Torí ẹ̀ náà ni Mujeeb ṣe dín owó rẹ̀ kù tó fi ṣeé rà. Inú Gbádégẹṣin dùn sí i. Ọkọ̀ tí kò ní bọ́nẹ́ẹ̀tì mélòó ló ti rí ní Ojoo tó ń lọ tó ń bọ̀?

Ó délé, ó fẹ́ tan án, Moróunkẹ́ dúró sí iwájú ẹ̀rọ. Aládùúrà pọ́ńbélé ni, òun ni ìyá ẹgbẹ́ nínú ìjọ wọn.

"Bàbá Níyì, ṣé ẹ́ńjìnnì ni ẹ sọ pé ẹ rà àbí ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ́ńjìnnì ni."

"Ṣé ẹ ti lo ọkọ̀ kan rí láìyà á sí mímọ́? Ṣé èyí tí ẹ lò láìgbàdúrà sí ò tíì wọ ilé too-géètì?"

Ẹnu ara rẹ̀ ni Gbádégẹṣin fi so ara rẹ̀. Moróunkẹ́ pe Wòlíì Adéyẹmọ. Wòlíì dé nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà, pẹ̀lú àwọn ìyá ìjọ méjì, agogo, àti ìgò omi ìyàsímímọ́. Wọ́n kọrin, wọ́n gbàdúrà fún ọkọ̀, fún ọ̀nà, fún gbogbo awakọ̀ ìlú òyìnbó. Wòlíì wá béèrè pé níbo gan-an ni ẹ́ńjìnnì náà wà. Moróunkẹ́ nàka sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, níbi tí wáyà àti káàdì tuntun ti wà ní gbangba láìsí ìdérí. Wòlíì da omi sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbé ọwọ́ sókè.

Ìgbà náà ni Gbádégẹṣin ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé ẹ̀rọ àti omi kì í ṣe ọ̀rẹ́. Kò sí àyè àlàyé. Ó sọ ara rẹ̀ lu kọ̀ǹpútà, ó fi àyà bò ó, ó fi apá méjèèjì gbá a mọ́ra, ó ń gbọ̀n.

"Ẹ̀mí ti gbé e," ni ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu agogo kíkankíkan.

"Omi o! Omi!" Gbádégẹṣin ń kígbe.

"Ẹ fún un lómi," Wòlíì pàṣẹ, ó sì da ìyókù ìgò náà sí i lẹ́yìn pátá.

Nígbà tí wọ́n parí, Gbádégẹṣin rin gbìndìn, ṣùgbọ́n ẹ̀kán omi bíńtín ló kan kọ̀ǹpútà. Wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ ọjọ́ náà nínú ìjọ, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé ọkọ ìyá ẹgbẹ́ ní ẹ̀mí tó báyìí. Gbádégẹṣin fi gèlè ìyàwó rẹ̀ nu ẹ̀rọ, ó fi fáànù fẹ́ ẹ títí ó fi gbẹ, ó tan án. Omijé ayọ̀ bọ́ lójú Gbádégẹṣin. Ewé igi hàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà ń ṣàn lọ láìdúró, láìfò, ó ń rí nọ́ńbà ara ọkọ̀ tó jìnnà réré. Ó wa tírélà lọ lójú ọ̀nà gbọrọ kan tí kò sí ọkọ̀, inú rẹ̀ dùn dé gongo. Ló bá pe Ọládàpọ̀ pé kó wá wò ó.

Ọládàpọ̀ dé lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó páàkì bọ́ọ̀sì rẹ̀ síwájú ilé. Moróunkẹ́ ní ìsìnkú tó ń lọ ní Ọ̀yọ́, Ọládàpọ̀ sì ti ṣèlérí láti gbé e lọ́fẹ̀ẹ́, báàgì ti wà léjìká rẹ̀.

Gbádégẹṣin dé fìlà iṣẹ́, ó fun fèrè, ó gbéra. Ó dé too-géètì, ó rọra dúró, ó san owó, ó kọjá. Ọládàpọ̀ fi tipátipá mi orí. Wọ́n wọ ìlú. Ọkọ̀ pupa kékeré kan dúró níwájú kí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ lè kọjá. Gbádégẹṣin rí i láti òkèèrè, kò sí ohun tó gbọ̀n lójú ẹ̀rọ. Ó sọ fún ẹsẹ̀ rẹ̀ pé kó tẹ bíréèkì. Ẹsẹ̀ gbọ́, ó ń bọ̀, ó ń bọ̀. Kó tó dé, tírélà ti gun ọkọ̀ kékeré náà lórí.

Ọládàpọ̀ ti la ẹnu láti rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rọ yìí ò tíì—"

"Ẹ̀rọ ò ṣe nǹkan kan," Gbádégẹṣin wí. Ó bọ́ fìlà. "Mo rí i. Mo rí i kedere. Ẹsẹ̀ mi ni. Àwọn ọmọ mi ò parọ́ mọ́ mi."

Ó dùn ún. Ó dùn ún ju ọjọ́ tí wọ́n ta ọkọ̀ rẹ̀ lọ, nítorí lọ́jọ́ yẹn ó ní ẹni tó lè bínú sí. Gbádégẹṣin dìde, ó yí àga náà sí i.

"Ìwọ náà jókòó, kó o wà á. Ẹgbẹ́ ni wá."

Ọládàpọ̀ ní èrò ń dúró de òun. Ó ní eré ọmọdé ni. Ó ní yàtọ̀ sí ìyẹn, òun gbàgbé gíláàsì ojú òun sílé.

Moróunkẹ́ wo ojú rẹ̀, ó wo bọ́ọ̀sì tó wà níta. Ó rọra sọ báàgì èjìká rẹ̀ kalẹ̀.

"Ẹ máa lọ, Bàbá Ẹnìtàn," ó wí fún Ọládàpọ̀. "N ó wọ ọkọ̀ mìíràn."

Ọládàpọ̀ mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró síbẹ̀. Ó yíjú padà. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ náà lé orí tábìlì, ó wá jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó di sitiárìn mú.

"Èwo ni bíréèkì níbẹ̀?" ó béèrè.

Gbádégẹṣin bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lé e.