Ilẹ̀kùn Yàrá Bàbá Mi

Iṣẹ́ tí bàbá mi fi ogún ọdún ṣe ní Peckham, ní London, ni kó máa to ẹrù sínú kọ̀ntéínà tó ń lọ sí Èkó. Téèpù tó fi ń wọn nǹkan kì í kúrò lápò rẹ̀. Bó bá dé láti ibi iṣẹ́, fídíò ibùdó òfúrufú ló máa ń wò, ilé táwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kọ́ sójú ọ̀run lọ́hùn-ún tí èèyàn ń gbé inú rẹ̀. Àwọn tó ń léfòó nínú rẹ̀ kọ́ ló ń wò, ẹnu ọ̀nà ni. Ó ní ọkọ̀ kan ń kó ẹrù lọ síbẹ̀ tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ rí roboto, tó há, tí ẹrù kéékèèké nìkan ń gbà. Òmíràn ní igun mẹ́rin, ó fẹ̀, òun ló ń gbé kọ́bọ́ọ̀dù ńláńlá wọlé.

"Wọ́n tún máa ń na wáyà àti páìpù gba ibẹ̀," ó wí. "Má wọn ẹnu ọ̀nà o. Àyè tó ṣẹ́ kù ni kó o wọ̀n."

Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni. "Daddy, ṣé wọ́n ti pè yín fún interview níbẹ̀ ni?"

Nígbà tí rọpárọsẹ̀ dá a dùbúlẹ̀ sí ọsibítù, ohun kan ṣoṣo ló ń bẹ̀ mí fún: kí n gbé òun lọ sí yàrá òun nílé, kí òun má kú sáàárín àwọn tí òun kò mọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ọsibítù ní kí n wọn ilẹ̀kùn yàrá náà nítorí kẹ̀kẹ́ arọ rẹ̀. Mo mú téèpù rẹ̀, mo wọ̀n ọ́n láti férémù dé férémù. Kẹ̀kẹ́ máa wọlé. Mo fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn tayọ̀tayọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n gbé e dé. Bí a ṣe ṣí ilẹ̀kùn tó, pákó rẹ̀ ṣì gba àyè díẹ̀ nínú férémù. Kẹ̀kẹ́ há. Ọmọ Yorùbá ni ọ̀kan nínú àwọn tó gbé e wá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Daddy, ẹ má bínú, kò lè wọlé. Wọn ò sì allow wa láti fọwọ́ gbé yín. A máa gbé yín padà, wọ́n á tún wá wo ilé yìí, kí wọ́n ṣe assessment míì."

Bàbá mi wo ilẹ̀kùn, ó wá wò mí. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ. "Àyè tó ṣẹ́ kù." Kò bínú. Ì bá sàn fún mi kó bínú.

Ọjọ́ kẹta ló kú, níbi tí kò fẹ́ kú sí. Mo wà nínú bọ́ọ̀sì, mo ń lọ bá a.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo mú súkúrùdíráfà rẹ̀, mo tú ilẹ̀kùn náà kúrò. Súkúrù mẹ́fà péré ni, kò gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo tún ibẹ̀ wọ̀n. Iye tí mo fi ránṣẹ́ sí wọn náà ni. Kẹ̀kẹ́ ì bá wọlé.