Ìkíni Tó Kẹ́yìn ní Bodè

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló kìlọ̀ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọbìnrin mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti kí i níwájú àwọn àlejò, kò kúnlẹ̀. "Ìyàwó, tí ọmọ yìí bá tún ṣe báyìí fún mi, ẹ má wọ agbolé yìí mọ́." Mo ní, "Ẹ má bínú, sà." Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí, nítorí èmi náà ti dọ̀bálẹ̀ rí.

Ìlaròó ni bàbá mi ti ń ta àgbàdo. Ìyá mi wá láti ẹ̀yìn bodè, níbi tí wọ́n ti ń da Faransé pọ̀ mọ́ Yorùbá. Tí a bá ti gba họlidé, ọ̀dọ̀ bàbá ìyá mi ni mo máa ń lọ. Ní Ìlaròó, wọ́n á di irun mi, wọ́n á so ìborí mọ́ mi lórí, màá sì kúnlẹ̀ kí gbogbo ẹni tó bá wọlé. Ó máa ń ṣe mí bíi pé ẹlòmíràn ni wọ́n ní kí n wá dúró fún. Lọ́hùn-ún, màá wọ ṣòkòtò péńpé, màá bá àwọn ọmọkùnrin gun igi ọsàn. Tí mo bá sì fẹ́ kí bàbá àgbà láàárọ̀, màá dojú bolẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, ìyàwó rẹ̀ pariwo: "Ẹ wo ọmọ yìí! Ṣé o ti di ọkùnrin ni?" Bàbá àgbà rẹ́rìn-ín. "Fi í sílẹ̀. Ó kí mi, mo sì gbọ́. Dìde, mọ̀síyé mi." Bí wọ́n ṣe ń pe ọkùnrin lọ́hùn-ún nìyẹn. Odindi ọjọ́ náà ni mo fi ń mú kí ohùn mi ki, bí ẹni tó ti ní ìyàwó méjì.

Mo dán an wò lẹ́ẹ̀kan ní Ìlaròó. Bàbá mi gbá mi létí, ó ní kí n fi ìwà ẹ̀yìn bodè sílẹ̀ lẹ́yìn bodè. Mi ò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni mí, tàbí obìnrin tí kò rí bíi ti àwọn tó kù. Mi ò rí ẹni bi. Mo kàn mọ ibi tí ọkàn mi ti máa ń balẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìjọba ológun ti bodè pa. Họlidé dé, ó kọjá, òmíràn tún dé. Àwọn tó ń gba ọ̀nà ìgbẹ́ wá sọ fún ìyá mi pé ara bàbá rẹ̀ kò yá, ó sì ń béèrè mi. Ẹsẹ̀ bàbá àgbà kò gbé ọ̀nà ìgbẹ́ mọ́, bàbá mi kò sì jẹ́ kí èmi gbà á. Ìyá mi bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà pé ká lọ rí i ní bodè. A gba Òkè-Ọ̀dàn lọ. Wọ́n fi irin dí títì. Ṣọ́jà kan ní ká dúró lápá tiwa, ká kí ara wa, ká máa lọ. Bàbá àgbà wà lápá kejì, ẹnì kan di apá rẹ̀ mú. Bàbá mi sọ ọ́ sí mi létí: "Kúnlẹ̀ bí ọmọbìnrin. Tí o bá dójú tì mí níbí, o ò ní fojú kàn án mọ́."

Mo fẹ́ tún fojú kàn án. Mo kúnlẹ̀.

Bàbá àgbà ń wo ẹ̀yìn mi. "Mọ̀síyé mi ńkọ́? Ṣé ẹ ò mú un wá ni?"

Ìyá mi ní, "Òun nìyí, Bàbá."

Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ó wò mí pẹ́. "Háà. Ó ti dàgbà nìyẹn." Ó wá ṣàdúrà fún mi bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọmọbìnrin, pé màá fẹ́ ọkọ rere. Ṣọ́jà ní ó tó. Bàbá àgbà kú kí wọ́n tó ṣí bodè.

Mo fẹ́ ọkọ rere lóòótọ́. Mo sì bímọ. Mi ò dá ara mi lẹ́bi, ọmọdé ni mí nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n títí di òní, mi ò lè sọ ẹni tó kí bàbá àgbà lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀rù ń bà mí lórí ọmọ mi, mi ò ní purọ́. Mi ò mọ ohun tí yóò dà, mi ò sì ní kí ẹ bá mi sọ ọ́. Ohun kan ni mo fi ń bẹ̀ yín: tí ilé kan bá wà tí ara ti máa ń tu ọmọ yín, ẹ jẹ́ kó máa lọ síbẹ̀ nígbà tí ọ̀nà ṣì ṣí.