Iná Ọjọ́ Ajé Tó Ṣì Ń Tàn ní Ọjọ́bọ̀

Elétí ni wọ́n ń pè é ní ọsibítù tó ti ń tún ẹ̀rọ ṣe. Bó bá gbé etí lé ẹ̀rọ, yóò sọ ibi tó ń dùn ún. Kíláàsì kẹta ni ìwé ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, kó tó fi omi kan ẹnu, ó máa ń yí gbogbo yàrá ká, á gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn ẹ̀rọ atẹ́gùn kọ̀ọ̀kan tó ń fún aláìsàn ní èémí, á gbọ́ bó ṣe ń mí.

Nígbà tí iléeṣẹ́ kan gbé ẹ̀rọ mẹ́fà tuntun wá, wọ́n ní ìyẹn ti tán. Àpótí kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tó ń ròyìn rẹ̀ fún àwọn tó jókòó ti kọ̀ǹpútà ní ìlú mìíràn. Bí ara ẹ̀rọ bá dá, iná àwọ̀ ewé ni wọn yóò rí. Wọ́n fi èdìdì di ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Bí ẹnikẹ́ni bá já a láìgba àṣẹ, iléeṣẹ́ yóò kó ẹ̀rọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ.

Àpótí náà kò mọ̀ ju ariwo lọ. Bí nọ́ọ̀sì bá sún bẹ́ẹ̀dì díẹ̀, ó ti ké, wọ́n á sì pe fóònù láti ọ̀hún. Elétí fúnra rẹ̀ ló fi ẹ̀rín sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì pé: “Ẹ yọ òfófó yẹn lára iná, kí etí yín sinmi. Ihò iná ti ẹ̀rọ yàtọ̀.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n sì ń yọ ọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ìyá rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì kẹrin, àyà ń dùn ún. Elétí gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ kẹrin tó wà lára rẹ̀, ẹ̀rọ náà gbóná janjan, ó ń mí bí ẹni tó ń gun òkè. Ètè ìyá rẹ̀ ti ń dúdú. Ẹ̀rọ márùn-ún yòókù wà lára èèyàn. Wọ́n sáré gbé àgbá atẹ́gùn tó wà ní yàrá ẹrù, òfìfo ni. Ó pe iléeṣẹ́. Ọkùnrin tó gbé fóònù ní ara ẹ̀rọ kẹrin dá ṣáká, iná rẹ̀ ń tàn níwájú òun.

“Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ mi wà lára rẹ̀. Ó ń jó mi.”

Ọkùnrin náà ní kí Elétí má fọwọ́ kan èdìdì, òun á béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá òun. Elétí ti mú sùkùrù-dẹ́rẹ́bà. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní bí wọ́n bá kó ẹ̀rọ wọn lọ, èèyàn márùn-ún yòókù ńkọ́?

Ó dúró. Ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tí àṣẹ dé, ìyá rẹ̀ ti lọ.

Ó tú ẹ̀rọ. Eruku ló dí asẹ́ inú rẹ̀ bí òwú. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó wo ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀dì: ṣájà fóònù ló wà nínú ihò iná àpótí. Nọ́ọ̀sì kan ní láti ọjọ́ Ajé ló ti wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí àpótí sọ kẹ́yìn ni kọ̀ǹpútà ṣì ń gbé kiri. Ó bínú sí ọkùnrin yẹn, sí ọ̀gá nọ́ọ̀sì, sí ẹni tó ni ṣájà. Èyí tó pọ̀ jù, ẹnu ara rẹ̀ ló bí i nínú. Ẹyin lọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọkùnrin iléeṣẹ́ náà pè, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. Ó ní àwọn á kọ ọ́ pé iná ló lọ, wọn ò ní bá ẹnikẹ́ni wí. Kí Elétí ṣáà fọwọ́ sí i. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì jókòó tì í. “Àṣírí rẹ ni wọ́n fẹ́ bò, ọmọ mi. Gbà.”

Elétí bi ọkùnrin náà bóyá kọ̀ǹpútà máa ń sọ ọjọ́ tí àpótí sọ̀rọ̀ kẹ́yìn.

“Ó wà níbẹ̀. Lẹ́tà kéékèèké, nísàlẹ̀. A kì í sáàbà wò ó.”

Elétí pa fóònù. Ó fa ìwé, ó fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́: Èmi ni mo kọ́ wọn pé kí wọ́n máa yọ àpótí lára iná. Nọ́ọ̀sì yọ ọ́, kò dá a padà. Iléeṣẹ́ kò ka lẹ́tà kéékèèké. Mo gbọ́ pé ẹ̀rọ ń kú, mo dúró gba àṣẹ. Ìyá mi kú.

Ọ̀gá nọ́ọ̀sì kà á lẹ́ẹ̀mejì. “Wọ́n á lé ẹ.”

“Kí wọ́n lé mi, Mà.”

Obìnrin náà gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé òun ló di ọwọ́ rẹ̀ mú. Elétí kò dúpẹ́. Ó gba ìwé náà, ó lọ gbé e fún dókítà àgbà.