Ọkọ̀ Ìjàpá Tó Fẹ̀yìn Wọ Oǹdó

Ẹ̀yìn ni Tíṣà Adédèjì fi wọ ìlú Oǹdó lọ́jọ́ tí àna rẹ̀ ń ṣí ilé. Kì í ṣe pé ó ń fẹsẹ̀ rìn sẹ́yìn o. Inú ọkọ̀ ló wà, ọkọ̀ Ìjàpá aláwọ̀ ewé tó ti dàgbà ju ọmọ tí Tíṣà bí lọ. Yéjídé ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, ó fi gèlè bojú. Ọwọ́ Tíṣà kan wà lórí sítíárìn, èkejì wà lẹ́yìn àga ìyàwó, ọrùn rẹ̀ yí sẹ́yìn pátápátá, ọkọ̀ sì ń fi ìdí ṣáájú, ó ń bú ramúramù gba àárín ìgboro kọjá. Àwọn ọlọ́kadà yà fún un. Ìyá kan tó ń ta ọsàn lẹ́bàá títì fa igbá rẹ̀ sẹ́yìn, ó ní, “Àwọn wọ̀nyí, ṣé wọ́n ń lọ ni àbí wọ́n ń bọ̀?”

Ohun tí Bọ̀ọ̀dá Ọláwuyì, ẹ̀gbọ́n Yéjídé, náà fẹ́ mọ̀ nìyẹn nígbà tí ìdí ọkọ̀ wọ ọgbà. Ilé bàbá wọn ni wọ́n tún kọ́ tí wọ́n ń ṣí lọ́jọ́ náà. Àlejò ti jókòó sábẹ́ kánópì, àdúrà ti parí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa gbé oúnjẹ ni ẹ́ńjìnnì ńlá kan yọ ní géètì. Ìdérí ẹ̀yìn ọkọ̀ ò pa dé, èéfín ń rú, gbogbo rẹ̀ sì dojú kọ ìjókòó àwọn àgbà. Ẹ sì mọ̀ pé níbikíbi tí wọ́n bá ti ń fẹ́ ìyàwó bí ọmọlúwàbí, ẹni tó gba ọmọ lọ́wọ́ èèyàn kì í kọ ìdí sí onítọ̀hún. Tíṣà pa ọkọ̀, ó bọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú agbádá funfun.

“Àna,” ni Bọ̀ọ̀dá Ọláwuyì wí, kò sì tíì ní kó dìde, “ìdí lo kọ sí wa?”

“Ẹ má bínú, ẹ̀yin àna mi,” ni Tíṣà dáhùn látilẹ̀. “Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà. Ibi tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bá sì wà, ibẹ̀ ni orí rẹ̀ wà. Orí ni mo kọ sí yín.”

“Ó dáa. Tìrẹ wá ńkọ́? Níbo ni orí tìrẹ wà?”

Abẹ́ kánópì dà rú fún ẹ̀rín. Ká ní ilẹ̀ lanu, Yéjídé ì bá wọ ibẹ̀ tayọ̀tayọ̀.

Tíṣà ti di olóògbé báyìí, kí Ọlọ́run fún un ní ìsinmi. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó máa fi ọkùnrin náà ṣe yẹ̀yẹ́, ó yẹ kí ẹ mọ ohun tó gbé e dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ Arakale ní Àkúrẹ́ ni, jọ́gíráfì ló sì fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ iléèwé. Ó mọ bí òkè ṣe ga tó láti ibí títí dé ilẹ̀ Hausa. Ohun tí kò mọ̀ ni bí Ìjàpá rẹ̀ yóò ṣe máa gùn wọ́n.

Kò tíì pẹ́ tó gbé Yéjídé níyàwó tó fi ní kí àwọn lọ kí àwọn ará Oǹdó. Wọ́n kọjá Ọ̀wẹnà, wọ́n dé ìdí òkè kan. Ẹ́ńjìnnì kékeré inú Ìjàpá kérora, ó wúkọ́, ó dákẹ́. Kí ni ìyàwó tuntun yóò ṣe? Yéjídé bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú léèsì tó wọ̀, ó fi èjìká ti mọ́tò. Ibi tó ti ń tì í ni Bọ̀ọ̀dá Ọláwuyì ti fi ọkọ̀ tirẹ̀ bá wọn, òun náà ń ti Àkúrẹ́ bọ̀. Ó rọra yọ orí, ó wo àbúrò rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó fọn fèrè, ó kọjá lọ. Kí wọ́n tó dé Oǹdó, gbogbo agboolé ti gbọ́. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe Yéjídé ní Ìyàwó Atìmọ́tò. Tàgbà tèwe ló ń pè é bẹ́ẹ̀, bó bá sì ti wọlé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á béèrè pé báwo ni èjìká.

Yéjídé máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín lójúde. Ní yàrá ló ti sunkún lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, Tíṣà sì rí i. Ó ní, “Ọkọ̀ yìí kan náà ló máa gbé ọ gun òkè yẹn. Wàá jókòó pẹ̀sẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ ò ní kan ilẹ̀ títí dé ilé bàbá rẹ.”

Àwọn èèyàn ní kó ra ọkọ̀ mìíràn. Ó ní ọkọ̀ mìíràn kọ́ ló dójú ti òun. Ọ̀rọ̀ náà sùn sí i nínú títí tó fi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tó sinmi díẹ̀ tán, ó gba Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ lọ, ó ra ẹ́ńjìnnì lára bọ́ọ̀sì kan tó ti kú síbẹ̀, ó gbé e wálé. Ẹ́ńjìnnì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti Ìjàpá.

Kó tó gbé e sínú ọkọ̀, ó ní òun gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe wúwo tó, kí sípíríǹgì ẹ̀yìn má baà tẹ̀. Kò ní òṣùwọ̀n. Ó bá gbé pákó gígùn kan lé orí ìtì igi, ó gbé ẹ́ńjìnnì sí ìpẹ̀kun kan, ó wá bẹ Joy, aládùúgbò wọn ará Benin tó ń ránṣọ, pé kó jọ̀ọ́ kó jókòó sí ìpẹ̀kun kejì. Joy rò pé eré ni, ó jókòó. Ẹ́ńjìnnì ò mì. Tíṣà gbé àpò gààrí lé Joy lẹ́sẹ̀, ẹ́ńjìnnì bá rọra gbéra nílẹ̀.

“Joy kan àti àpò gààrí kan,” ni Tíṣà kéde fún gbogbo àdúgbò. “Sípíríǹgì á gbé e.”

“Tíṣà, na me you take dey weigh motor?” ni Joy wí. Ó bínú wọlé, ó di ìgbà tí Yéjídé gbé ìyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí lọ bẹ̀ ẹ́ kó tó tún dá Tíṣà lóhùn.

Ilé ìdáná Yéjídé ló wá di ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Lọ́jọ́ kan ó ṣí ìkòkò ọbẹ̀, písítìn ló bá níbẹ̀, wọ́n rẹ wọ́n sínú kẹrosíìnì.

“Bàbá Móní,” ni ó pè é, nítorí Monílọ́lá ni ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, “kí la fẹ́ jẹ lálẹ́?”

“Ìkòkò yẹn nìkan ló gbà wọ́n dọ́gba,” ni Tíṣà dáhùn láti abẹ́ ọkọ̀. Gààrí ni wọ́n mu sùn.

Ẹ́ńjìnnì wọlé ṣá, àmọ́ ìdérí ẹ̀yìn kọ̀, kò pa dé mọ́. Tíṣà ní atẹ́gùn ló fẹ́. Ó wá ní bí ẹ́ńjìnnì ṣe lágbára tó yìí, àfi kí òun tú gíábọ́ọ̀sì kí òun fi irin tó le sí i nínú. Ó tú u, ó tò ó padà. Irin róbótó eléyín kan wà níbẹ̀ tó yẹ kó wà lápá ọ̀tún. Apá òsì ni Tíṣà fi í sí, kò sì mọ̀. Ó fọwọ́ lu ọkọ̀ lórí, ó ní, “Uṣẹ́ ti parí,” bí àwọn ará Àkúrẹ́ ṣe ń sọ ọ́.

Wọ́n máa ń gbàdúrà sí ọkọ̀ tuntun, Tíṣà sì ní ẹni tó ní ẹ́ńjìnnì tuntun, ọkọ̀ tuntun ló ní. Ó pe fíkà ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Fíkà dúró níwájú ọkọ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó bẹ Olúwa pé kó wà pẹ̀lú rẹ̀ ní àlọ àti àbọ̀. Tíṣà ṣe àmín, ó ki gíà kìíní. Ọkọ̀ fò sẹ́yìn, ó wó ilé adìẹ. Ó ki gíà kejì, ẹ̀yìn náà ni. Ó ki ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin, ẹ̀yìn náà ni, adìẹ ń sá kiri. Gíà tí wọ́n fi ń padà sẹ́yìn nìkan ló gbé e lọ síwájú, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń lọ kí aláìsàn.

Fíkà gbọn ìyẹ́ adìẹ kúrò lára aṣọ rẹ̀. “Tíṣà,” ni ó wí, “àbọ̀ ni Olúwa kọ́kọ́ dáhùn.”

“Bàbá Móní, ẹ ti tò ó sódì,” ni Yéjídé wí nígbà tí fíkà lọ tán.

“Kò sódì. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ aráyé ti sáré síwájú jù.”

Orí ẹ̀ ló dúró lé títí tí ọjọ́ ìṣílé Oǹdó fi kò. Ó ní nínú Ìjàpá ni ìyàwó òun ń lọ, gíà iwájú kan náà sì tó. Wọ́n gbéra láàárọ̀ kùtù. Àwọn tó gun kẹ̀kẹ́ ń kọjá lára wọn, wọ́n ń kí wọn kú ìrìn. Ní Ọ̀wẹnà, ajá kan bá wọn rìn díẹ̀, nígbà tó sú u, ó ṣáájú wọn lọ. Bí wọ́n ti dé ìdí òkè ni gíà iwájú kan ṣoṣo yẹn ké gbàù, tó sì kú.

Yéjídé ti na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn láti sọ̀ kalẹ̀.

“Jókòó,” ni Tíṣà wí. Ó fi ẹ̀yìn yí ọkọ̀ po títí ìdí rẹ̀ fi kọ sí òkè. Gíà ẹ̀yìn mẹ́rin ṣì wà níbẹ̀ digbí. Ọkọ̀ tó ti ń wọ́ nílẹ̀ láti Àkúrẹ́ bá fò gun òkè bí ewúrẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe dé ọgbà àna. Ó gun òkè o, ẹnikẹ́ni ò lè sẹ́ ẹ. Ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí Yéjídé la ojú wò ó.

Bọ̀ọ̀dá Ọláwuyì ò gbà. Lẹ́yìn tí wọ́n jẹun tán, ó dájọ́. “Ẹni tó bá fẹ̀yìn wọlé, ìjáde ló ń jáde. Ẹ ò tíì dé. Atìmọ́tò, tí ẹ bá ń bọ̀ lóòótọ́, ẹ fi ojú wá.”

Ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé Ìjàpá padà sí Àkúrẹ́. Ọrùn Tíṣà kọ̀, kò yí síwájú bọ̀rọ̀. Tó bá fẹ́ kí ẹni tó wà níwájú rẹ̀, ó ní láti dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí ọrùn náà ti rọ̀, ó jókòó ti Yéjídé níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà.

“Yéjídé, mo fi irin kan sódì.”

“Mo mọ̀.”

“Ta ló sọ fún ọ?”

“Ọkọ̀ ló sọ ọ́. Gbogbo Arakale ló gbọ́.”

Tíṣà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó dákẹ́, ó ní, “Mi ò bá ẹ̀gbọ́n rẹ jà o. Ẹkún tí o sun lọ́jọ́ yẹn ni mi ò lè gbàgbé. Èmi ni mo fà á.” Yéjídé ò mọ̀ pé gbogbo ọdún wọ̀nyí ló fi ń ru ẹkún náà kiri. Ó na ọwọ́, ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ tó kún fún gírísì mú, ẹ̀wà sì dà sílẹ̀.

Tíṣà tún gíábọ́ọ̀sì tú. Ó fara balẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ó tò ó, ó dè é. Ó ku kó gbé ọkọ̀ náà jáde dán an wò ni àìsàn dá a dùbúlẹ̀, kò sì dìde mọ́. Nígbà ìsìnkú, Bọ̀ọ̀dá Ọláwuyì ló dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì láti sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ó sọ ti ọjọ́ ìṣílé, gbogbo ìjọ ń rẹ́rìn-ín, fíkà náà ń rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀ síwájú sí i, ó fi agbádá bojú, wọ́n bá mú un jókòó.

Ìjàpá wà lábẹ́ tápólì títí ọdún fi yí po. Nígbà tí Àjíǹde ń bọ̀, Bọ̀ọ̀dá Ọláwuyì pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù, ó ní ọjọ́ wo ló ń bọ̀ wá ṣọdún.

“Mo ń bọ̀ nínú Ìjàpá,” ni Yéjídé dáhùn.

Monílọ́lá nìkan ló mọ ọkọ̀ wà nínú ilé, ọ̀rọ̀ náà sì bà á lẹ́rù. “Màámi, tó bá tún lọ sẹ́yìn ńkọ́? Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n tún fi Dádì rẹ́rìn-ín ni?”

Ohun tó ń ba ìyá náà lẹ́rù nìyẹn gan-an. Orúkọ Atìmọ́tò ti mọ́ òun lára. Àmọ́ ọkọ òun ti jẹ́wọ́ àṣìṣe rẹ̀ fún òun, ó sì ti fi agbára tó kù lára rẹ̀ tún un ṣe. Tí irin yẹn bá tún sódì, a jẹ́ pé ó lọ láìmú ìlérí kan ṣoṣo yẹn ṣẹ. Kò sì fẹ́ máa ṣe kàyéfì nípa rẹ̀ títí òun náà yóò fi lọ.

Wọ́n ra bátìrì, wọ́n pààrọ̀ epo. Lọ́jọ́ náà, àdúgbò jáde wá wòran, gbogbo wọn ló sì dúró sí ẹ̀gbẹ́, kò sẹ́ni tó jẹ́ dúró sẹ́yìn. Monílọ́lá ki gíà kìíní. Ọkọ̀ gbọ̀n, ó sì lọ síwájú.

“E dey go front,” ni Joy wí, ó sì bú sẹ́kún.

Òkè ni Yéjídé ń dúró dè. Wọ́n kọjá Ọ̀wẹnà, ó di àga mú, ó tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀ bí ẹni pé òun ló fẹ́ ran ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́. Ó dúró títí. Nígbà tó yá, ó ní, “Móní, òkè yẹn dà?”

“Òkè wo, Màámi? A ti kọjá ẹ̀ tipẹ́.”

Ó wẹ̀yìn. Lóòótọ́ ni, òkè ti wà lẹ́yìn wọn. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa á, ó rín in títí tí Monílọ́lá náà fi ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló nu ojú rẹ̀, ó ní, “Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn, Móní. Orí kunkun rẹ̀ ló ń dí mi lọ́wọ́ láti máa sọ ọ́.”

Bọ̀ọ̀dá Ọláwuyì dúró ní géètì, ọ̀pá lọ́wọ́. Ọkọ̀ fi ojú wọ ọgbà, ó dúró níwájú ilé. Àgbà náà wò ó títí. Kò bú u, kò sì béèrè èjìká. Ó rọra rìn dé ibi ilẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i.

“Yéjídé,” ni ó wí, “ọkọ rẹ gbé ọ délé.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bọ̀ọ̀dá mi,” ni Yéjídé dáhùn, ó ṣì jókòó. “Ó kàn pẹ́ díẹ̀ lójú ọ̀nà ni.”