Ọmọ Tó Já Mi Nírọ́ Ní Kíláàsì Kẹ́mísírì

Mi ò fẹ́ràn ọmọbìnrin náà láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn ní kẹ́mísírì, ní iléèwé aládàáni kékeré kan nítòsí Boundary, l'Ájégúnlẹ̀. Tí mo bá ń sọ̀rọ̀, ńṣe ló máa ń wò mí bí ẹni tó ń ṣọ́ ọwọ́ ẹlẹ́ran kó má baà rẹ́ ẹ jẹ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo kọ omi àti kábọ́ọ̀nù dàọ́ksáìdì sójú bọ́ọ̀dù. Mo ṣàlàyé pé ọ́síjìn máa ń fa ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ju háídírójìn àti kábọ́ọ̀nù lọ, pé ìyẹn ni ọ̀dọ̀ rẹ̀ fi máa ń di nẹ́gátíìfù díẹ̀, tí ọ̀dọ̀ ìkejì á sì di pọ́sítíìfù. Títí dé ibẹ̀, òótọ́ ni. Mo wá fi kún un pé, torí náà, pólà làwọn méjèèjì, ìyẹn ni pé wọ́n ní ìhà nẹ́gátíìfù kan àti ìhà pọ́sítíìfù kan.

Ó nawọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, omi nìkan ni. Kábọ́ọ̀nù wà láàárín, ọ́síjìn kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, gbọọrọ ni wọ́n tò. Bí èèyàn méjì tágbára wọn dọ́gba bá ń fa ọkọ̀ ojú omi, tí ọ̀kan wà níwájú, tí ìkejì wà lẹ́yìn, ọkọ̀ ò ní kúrò lójú kan. Omi ní tiẹ̀ tẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan náà ni fífà ọ̀hún kọrí sí."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ara mi gbóná.

"Ṣé ìwọ ni wọ́n gbà síṣẹ́ níbí ni?"

"Rárá, sà."

"Jáde."

Inú oòrùn ló dúró sí títí aago fi lù. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ṣí ìwé wò. Òun ló jàre. Dípò kí n tijú, ṣe ni inú túbọ̀ ń bí mi. Nígbà tí mo ṣe tẹ́ẹ̀sì fún wọn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo bi wọ́n ní ìbéèrè yẹn gan-an. Kò yí ohùn padà. Mo fi bírò pupa fagi lé ìdáhùn rẹ̀.

Ìyá rẹ̀, tó ń ta ẹja yíyan ní Marine Beach, wá bá mi pẹ̀lú bébà tẹ́ẹ̀sì náà àti ìwé kẹ́mísírì kan. Mo ní kó jókòó, kò jókòó.

"Tíṣà, mi ò mọ̀wé. Ẹ bá mi ka ibi tọ́mọ mi fàlà sí yìí."

Mo kà á.

"Kí ló túmọ̀ sí?"

"Ọmọ yín ló gbà á, mà."

"Ṣé ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀?"

Mo pa ìwé náà dé.

"Ojú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lẹ ti lé e síta. Ojú wọn náà lẹ ó ti sọ ọ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo sọ ọ́, wàràwàrà, bí ẹni ń gbé ewúro mì. Ọmọ náà ní, "Ẹ ṣé, sà." Kò wojú mi. Títí wọ́n fi ṣe ìdánwò àṣejáde, kò nawọ́ mọ́, àwọn yòókù náà ò sì bi mí ní nǹkan kan. Kíláàsì mi dákẹ́ rọ́rọ́ bí mo ṣe ń fẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sọ̀rọ̀.