Bí Kíláàsì Wa Ṣe Fi Omi Ìyá Àgbà Gbàdúrà

Nígbà tí mo ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé lọ sílé-ìwé l'Óṣogbo, ọmọ tó bá kọ omi àgbà, pàṣán ni yóò mu dípò rẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ara yín kò ní gbàgbé. Olùkọ́ wa, tí a ń pè ní Tíṣà, kò fi pàṣán yìí ṣeré rárá.

Lọ́jọ́ kan, ó kó wa lọ sí mùsíọ́ọ̀mù tuntun kan ní abúlé kan lẹ́yìn Iléṣà, tí wọ́n kọ́ láti ṣàfihàn ohun tí ojú àwọn ará abúlé rí látìgbà tí àwọn awagóòlù ti ba odò wọn jẹ́. Inú ilé náà tutù bí inú fìríìjì. Orúkọ àwọn tó wá ṣí i gba ògiri kan gbáko. Àwọn tí omi pa lára ń pín ògiri kan lò pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù. Omi pupa kan wà nínú ìgò, wọ́n kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé májèlé ni, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni àwòrán ìyá àgbà kan wà, tí awọ ọwọ́ rẹ̀ ti bó.

A jáde, a ń jẹ mọ́ínmọ́ín wa lábẹ́ igi, ni ìyá inú àwòrán bá yọ sí wa láti ilé tó kọjú sí mùsíọ́ọ̀mù, ó gbé korobá omi àti ife kan dání.

"Ẹ kú àbọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ mumi."

Omi náà pupa bíi ti inú ìgò. Gbogbo wa wo Tíṣà. Tíṣà wo pàṣán ọwọ́ rẹ̀.

"Mà, ààwẹ̀ la gbà," ló wí.

"Ààwẹ̀ yín mà ń jẹ mọ́ínmọ́ín." Ìyá rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, mo mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Kò sí òmíràn. Ṣé kí àlejò wá kọjá níwájú ilé mi kí n má fi omi lọ̀ ọ́ ni?"

Tíṣà, tó máa ń sọ fún wa pé kèfèrí ló ń ta omi sílẹ̀ gbàdúrà, dọ̀bálẹ̀, ó gba ife, ó wúre fún Ìyá títí dé orí àwọn adìyẹ rẹ̀, ó sì da omi náà sílẹ̀. Ó ní kí àwa náà tò. Bí a ṣe ń gbàdúrà la ń dà á, Ìyá ń ṣe àmín, inú rẹ̀ ń dùn, títí korobá fi gbẹ. Nígbà náà ló gbé e lérí, ó tún gba ọ̀nà odò lọ.

Láyé ìsinsìnyí, ọmọ kì í gba omi lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀. Kálukú ń gbé ike omi tirẹ̀ kiri. Wọ́n ti tún mùsíọ́ọ̀mù kùn lọ́dà; odò ṣì pupa. Bí mo bá sì lọ kí àwọn ọmọ Ìyá, èmi àlejò ni mo ń ra báàgì píọ̀ wọ́tà dání. Ọmọ rẹ̀ obìnrin á já ọ̀kan, á dà á sínú ife, á kúnlẹ̀, á fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi: "Ẹ kú àbọ̀, sà. Ẹ mumi."